Òkúta Arò, Ẹyẹ Òkè Òkun

Òkúta kò sí létí òkun Èkó tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbéra ní Àgbádárìgì, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí apá Lẹ́kì, iyanrìn ni yóò máa tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Òkúta ńláńlá tí ẹ rí lónìí ní ẹnu ibi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ inú ọ̀sà, ojú irin ló bá dé. Arò ni wọ́n ti fọ́ ọ, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1908, nítorí pé iyanrìn abẹ́ omi kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Forcados lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń já ẹrù Èkó, kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó rù ú wá. Ni wọ́n bá to òkúta wọnú òkun lápá méjèèjì ẹnu ọ̀nà náà, kí omi tó ń tú jáde láti inú ọ̀sà lè há sáàárín, kí ó sì máa fi agbára gbá iyanrìn dànù. Nígbà tí yóò fi di 1914, ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé. Ti ìlà-oòrùn ni wọ́n pè ní East Mole, ti ìwọ̀-oòrùn ni West Mole. A kò fún wọn ní orúkọ mìíràn títí di òní.

Bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn tó fọ́ òkúta náà. N kò bá a láyé, ṣùgbọ́n bàbá mi máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta, tí gbogbo Arò á mì tìtì, tí wọn á sì kó àfọ́kù rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ní òkun ni wọ́n ń gbé e lọ. Títí bàbá àgbà fi kú, kò yé e bí ẹni tí orí rẹ̀ pé ṣe lè sanwó òkúta kí ó tún lọ dà á sómi.

Mo fi ìtàn yìí ṣáájú nítorí pé ọ̀rọ̀ fọ́tò ẹyẹ ni mo fẹ́ sọ, nínú gbogbo fọ́tò ẹyẹ tí mo sì yà láyé mi, èyí tí òkúta kò bá sí nínú rẹ̀, n kì í kà á mọ́ tèmi. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ya ẹyẹ lójú ọ̀run. Wọ́n á fà á súnmọ́ títí ẹ ó fi lè ka ìyẹ́ apá rẹ̀. Ó dára, mo kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹyẹ náà wà? Ojú ọ̀run Èkó àti ojú ọ̀run Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n bá ti wọ inú fọ́tò, kò sí ẹni tó lè dá wọn mọ̀.

Ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira ni mo wọṣẹ́ fọ́tò ní Lafiaji. Ọ̀gá mi le. Lójú tirẹ̀, owó ni fíìmù, ẹni tó bá sì fi owó ṣòfò kò yẹ kí ó jẹun ọ̀sán. Kámẹ́rà Yashica-Mat là ń gbé lọ òde, èyí tí èèyàn ń dorí kọ láti òkè kí ó tó rí ohun tó fẹ́ yà, tí fíìmù rẹ̀ kò sì gbà ju fọ́tò 12 lọ. Bí òde bá parí tí fíìmù kò tán, kò ní jẹ́ ká fọ̀ ọ́. A ó máa wá ohun tí a ó fi parí rẹ̀ kiri, ajá àdúgbò ni o, ọkọ̀ akérò ni o. Ọ̀nà tí ẹyẹ gbà wọlé tọ̀ mí wá nìyẹn.

Àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun kan pè wá sí Bar Beach láti wá ya ìsìn ìrìbọmi wọn. Etíkun náà gbòòrò nígbà náà. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ lẹ́yìn náà nìkan kò lè gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n láti ibi tí mọ́tò dúró sí, èèyàn á rìn rìn rìn kí ó tó dé etí omi. A ti ṣiṣẹ́ tán, wọ́n ti ń pín oúnjẹ, àyè fọ́tò bíi mélòó kan ṣì ṣẹ́kù nínú kámẹ́rà. Ọ̀gá mi ní kí n lọ wá nǹkan yà lápá ibi òkúta ọ̀hún kí a lè rí fíìmù fọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo débẹ̀, mo bá àwọn ẹyẹ funfun tí wọ́n tò sórí òkúta, gbogbo wọn kọjú síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Mo yà wọ́n títí fíìmù fi tán.

Nígbà tí fọ́tò náà yọ nínú omi oògùn, òkúta ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí lẹ́ǹsì Yashica kì í fa nǹkan súnmọ́. Òkúta dúdú tí omi ń ṣàn lára rẹ̀, ìgbì tó ń fọ́ lẹ́yìn, ẹyẹ kéékèèké lókè. Ọ̀gá mi gbé e sí iná wò, ó ní, "Ta ni yóò ra èyí?" Òótọ́ ló sọ. Kò sẹ́ni tó rà á. Mo fi í kọ́ ara ògiri yàrá mi, mo sì rò ó pé bàbá àgbà ì bá mọ òkúta wọ̀nyí bó bá rí wọn, bóyá yóò tilẹ̀ yé e níkẹyìn.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ ní Ebute Metta. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti ti ìgbéyàwó ló ń bọ́ wa. Nígbà yẹn, onífọ́tò tó bá fẹ́ kí ayé mọ òun, èèyàn ló ń yà. Peter Obe ti Daily Times ti lọ ojú ogun bọ̀. J. D. 'Okhai Ojeikere ti ń ya irun orí àwọn obìnrin láti 1968. Èmi ń lọ ya ẹyẹ. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé àjẹ́ ni wọ́n ń fi ẹyẹ pè nílé Yorùbá yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Mo gbé díẹ̀ lára fọ́tò náà kọ́ sójú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá fún fọ́tò ọlọ́dún kan. Bó ṣe gbójú sókè tó rí àwọn ẹyẹ tí wọ́n tò sórí òkúta, tí wọ́n tẹjú mọ́ ọ̀kánkán, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó yíjú padà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá òkùnkùn.

"Bàbá Káyọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ẹyẹ yín kúrò lójú ọjà. Wọ́n ti ń bi mí lọ́jà pé kí ni ọkọ mi ń ṣe lóru."

Mo kó wọn wọlé. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó rọ̀. Wọ́n dá Nigerian Conservation Foundation, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko àti igbó, sílẹ̀ ní 1980, wọ́n wá dá ọgbà wọn tó wà ní Lẹ́kì sílẹ̀ ní 1990. Ìgbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bọ́ọ̀sì lọ wo ẹyẹ níbẹ̀ ló tó yé àwọn aládùúgbò wa pé èèyàn lè fẹ́ràn ẹyẹ kí ó má sì ní nǹkan mìíràn lọ́kàn.

Iṣẹ́ ìgbéyàwó ló kọ́ mi bí a ṣe ń ya ẹyẹ funfun. Ẹ gbé ìyàwó tó dúdú dáadáa sínú léèsì funfun, ẹ mú un dúró sínú oòrùn ọ̀sán. Bí ẹ bá tọ́jú léèsì, ojú ìyàwó á ṣókùnkùn. Bí ẹ bá tọ́jú ojú, léèsì á jó, gbogbo ihò àti òdòdó ara rẹ̀ á pòórá, ẹni tó ra léèsì náà á sì fẹ́ gba owó rẹ̀ padà. Ẹyẹ funfun lórí òkúta Arò, wàhálà kan náà ni. Mítà inú kámẹ́rà á rí òkúta dúdú rẹpẹtẹ, á rò pé ilẹ̀ ti ń ṣú, á ní kí ẹ gba ìmọ́lẹ̀ sí i. Ẹ ó sì bá ẹyẹ tí kò ní ojú, tí kò ní ìyẹ́, funfun báláú. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé màá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sínú oòrùn tí ẹyẹ wà, màá wọn ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn, n kò ní dá mítà lóhùn mọ́. Bí mo bá délé, màá dín àkókò tí fíìmù fi ń wà nínú oògùn kù díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ́ ṣe ń wà, tí pàlàpálá òkúta náà sì ń hàn.

Nígbà ọyẹ́, ìṣòro náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Eruku tó bo ojú oòrùn máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rọ̀, òjìji á rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, òkun á di eérú. Àwọn kan kórìíra rẹ̀ nítorí pé kò ní àwọ̀. Èmi tí mo ń ya dúdú àti funfun, kí ni mo fẹ́ fi àwọ̀ ṣe? Ọ̀tá tèmi ni iyọ̀ àti èbu. Iyọ̀ òkun á wọ inú kámẹ́rà, á jẹ irin rẹ̀. Ọ̀rinrin Èkó á mú kí èbu hù nínú lẹ́ǹsì, á nà bí òwú aláǹtakùn láàárín gíláàsì sí gíláàsì, kò sì sí bí ẹ ṣe lè nu ún láìtú u. Inú àpótí igi tí mo tan gílóòbù kékeré sí ni mo ń tọ́jú lẹ́ǹsì mi sí. Nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, tí ẹ sì mọ bó ṣe máa ń lọ, a ó máa gbé wọn síta láàárọ̀ bí ẹja tí à ń sá.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an kò di kámẹ́rà mú rí. Bàbá Ìlàjẹ kan ni, tó máa ń jókòó sórí East Mole tó ń fi ìwọ̀ pẹja. Mo ti ra Asahi Pentax nígbà náà, pẹ̀lú lẹ́ǹsì gígùn tí ẹnì kan ti lò kí ó tó tà á fún mi, mo sì ń fi í lé ẹyẹ kiri orí òkúta. Bí mo bá sún mọ́ wọn tán, wọ́n á fò lọ síwájú díẹ̀, èmi náà á tẹ̀ lé wọn. Bàbá náà wò mí títí.

"Onífọ́tò, ṣé ẹyẹ yẹn jẹ ọ́ lówó ni?"

Mo ní, "Rárá, bàbá."

"Kí lo wá ń lé e fún? Jókòó jẹ́ẹ́. Omi á gbé e wá bá ọ."

Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun Èkó ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń fà. Kíkún rẹ̀ kò pọ̀, nǹkan bíi mítà kan péré, ṣùgbọ́n mítà kan ti tó láti bo gbogbo òkúta ìsàlẹ̀. Nígbà tí omi bá fà, àwọn ẹyẹ á fọ́nká sétí omi, oníkálukú á máa wá oúnjẹ nínú pàlàpálá, ẹ kò ní lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí omi bá ń kún bọ̀, òkúta tí wọ́n dúró lé á rì, wọ́n á gòkè díẹ̀. Ìyẹn náà á rì, wọ́n á tún gòkè. Ẹni tó bá ti mọ òkúta tí kì í rì, tó ti lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣáájú, tí kò mira, á máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí omi bá kún tán, wọn kò ní ibòmíràn láti lọ mọ́. Wọ́n á ti orí bọ inú ìyẹ́, wọ́n á sùn lójú yín.

Òṣùpá ló ń darí omi, nítorí náà wákàtí tó ń kún ń sún síwájú pẹ̀lú nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tó bá di àrànmọ́jú, ó máa ń kún ju ìgbà yòókù lọ. Bàbá Ìlàjẹ kò ní aago. Èmi ra ìwé tí àwọn atukọ̀ fi ń mọ wákàtí omi, mo sì máa ń bi bàbá léèrè kí n tó gba ìwé náà gbọ́.

Ó tún kọ́ mi ní ohun kan tó gba ẹ̀mí mi là lórí òkúta náà: ìgbì tó ń pani ní Èkó kò bá atẹ́gùn Èkó ṣe. Ìjì tó jà jìnnà réré, ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ló ń rán an wá. Ẹ lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ewé kò mì, kí òkè omi kan dìde láìkéde, kí ó gbá òkúta láti ìpìlẹ̀ dókè. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ inú, èyí tó kọjú sí ọ̀nà ọkọ̀, ni mo ń jókòó sí, n kì í sì í kọ ẹ̀yìn sókun. Lásìkò òjò, n kì í lọ rárá. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹyẹ òkun ni gbogbo wọn ń jẹ́ lẹ́nu mi. Ìwé Serle àti Morel, tó jáde ní 1977, ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn funfun ọjọ́ ìrìbọmi yẹn, tern ni wọ́n, ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Sandwich tern: ẹnu rẹ̀ dúdú, ṣóńṣó ẹnu náà jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, irun ẹ̀yìn orí rẹ̀ sì máa ń dúró wúruwùru tí atẹ́gùn bá fẹ́. Etíkun Bìrìtìkó, Holland àti Denmark ni wọ́n ti ń pamọ. Láti oṣù kẹsàn-án ni ẹ ó ti máa rí wọn lọ́dọ̀ wa, títí di oṣù kẹrin. Nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé, iwájú orí wọn á funfun. Tó bá di oṣù kẹta, ìyẹ́ dúdú á ti padà bo orí àwọn àgbà wọn títí dé ojú, ẹ ó sì mọ̀ pé wọ́n ń múra ilé. Àwọn ọmọdé kì í bá wọn lọ. Ọmọ tern tí wọ́n bí lọ́dún tó kọjá á dúró lọ́dọ̀ wa títí òjò á fi dé, títí á fi lọ. Àwọn tó tóbi, tí ẹnu wọn pọ́n bí ọsàn, royal tern ni wọ́n ń pè wọ́n nígbà náà. Ọmọ Áfíríkà ni ìyẹn, apá Senegal àti Mauritania ni wọ́n ń pamọ sí.

Whimbrel ni mo fẹ́ràn jù láti yà. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ wálẹ̀, ó bá ihò akàn mu gẹ́lẹ́. Á ti ẹnu bọ àárín òkúta méjì, á fa akàn jáde, á máa gbọ̀n ọ́n títí ẹsẹ̀ akàn á fi já kúrò kí ó tó gbé e mì. Ẹni tó bá ní sùúrù, gbígbọ̀n yẹn ni kí ó dúró dè. Turnstone, ẹyẹ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ pupa, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa yí òkúta wẹ́wẹ́ láti wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òkúta Arò ju agbára rẹ̀ lọ, nítorí náà ìjẹ tí àwọn apẹja gbàgbé ló máa ń yí kiri. Common sandpiper sì ń mi ìdí láti òwúrọ̀ dalẹ́, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, ẹ ó rí orí rẹ̀ kedere nínú fọ́tò, ìdí rẹ̀ á ti di èéfín. Onílé kan ṣoṣo láàárín àwọn àlejò wọ̀nyí ni ẹyẹ dúdú ọlọ́rùn gígùn tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní reef heron. Kì í rìnrìn àjò lọ síbì kankan. Òkúta kan wà lórí East Mole tó jẹ́ tirẹ̀, bí tern bá sì bà lé e, ìjà ni.

Lọ́jọ́ kan, okùn ìwọ̀ Bàbá Ìlàjẹ kọ́ tern kan lẹ́sẹ̀. Bí bàbá ṣe ń tú u, ó rí òrùka irin lẹ́sẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà wà lára rẹ̀ tó kéré ju ohun tí ojú èmi tàbí tirẹ̀ lè kà. Mo yọ lẹ́ǹsì kúrò lára kámẹ́rà, mo yí i padà, mo fi wò ó. Gbogbo onífọ́tò ìgbà yẹn ló mọ̀ pé lẹ́ǹsì tí a bá yí padà ń mú nǹkan tóbi. British Museum, London, ni wọ́n kọ sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà. A da nọ́ńbà náà kọ, a tú ẹyẹ sílẹ̀. Mo kọ lẹ́tà lọ. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí èsì tó dé: etíkun Norfolk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti fi òrùka náà sí i lẹ́sẹ̀ nígbà tí kò tíì lè fò. Ará Denmark kan, Hans Christian Mortensen, ló bẹ̀rẹ̀ irú òrùka onínọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ní 1899, mo kà á lẹ́yìn náà. Nígbà tí mo túmọ̀ lẹ́tà náà fún Bàbá Ìlàjẹ, ó dákẹ́ díẹ̀.

"Láti ìlú òyìnbó? Ta ló ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù fún un?"

Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe èmi."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹja fi já lórí ìwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí àwọn ọmọ kéékèèké bá gbé tàkúté wá sórí òkúta, bàbá á lé wọn. Wọ́n ń fi tàkúté mú tern káàkiri etíkun wa nígbà yẹn. Ní Ghana, ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ètò kan sílẹ̀ ní 1985 láti gba àwọn ẹyẹ etíkun lọ́wọ́ àwọn ọmọdé.

Nígbà ìjọba ológun kan, ọ̀rẹ́ mi tó kàwé ní Mọ́sìkò ta kámẹ́rà kan fún mi tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń pè ní Fotosnaiper. Lẹ́ǹsì rẹ̀ dára gan-an. Ìṣòro rẹ̀ ni pé wọ́n ṣe é bí ìbọn: ó ní ìdí tí a ń gbé ti èjìká, ó ní ibi tí ìka ń fà. Ẹ wá rò ó wò, ọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ sórí òkúta ní ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ọkọ̀ òkun tó ń wọ èbúté Èkó ń gbà kọjá, ó na irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ̀ṣọ́ méjì dé sí mi lórí. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo sọ fún wọn pé ẹyẹ ni. Ẹ̀gbọ́n nínú wọn gba "ìbọn" náà, ó gbé e ti èjìká, ó fi ojú sí i. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. "Ṣé bí ẹ ṣe ń rí wọn nìyí? Mo rí ojú rẹ̀ o! Ó ń wò mí!" Ó fà á, ó gbọ́ tí ó ró, ó sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní kí n ya òun náà. Mo yà á, ìbọn tirẹ̀ lọ́wọ́, òkúta lẹ́yìn rẹ̀, mo sì fọ̀ ọ́, mo mú un lọ fún un. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé n kò tún níṣòro lórí East Mole mọ́ títí wọ́n fi gbé ẹ̀ṣọ́ náà lọ síbòmíràn. Síbẹ̀, mo tú ìdí ìbọn náà kúrò lára kámẹ́rà.

Ìgbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, dé ní 1986, tí náírà ṣubú, ni fíìmù di ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ wọn. Fíìmù kan ṣoṣo, fọ́tò 36, mo lè lò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí òkúta. N kò ní parọ́ pé mo gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí mo yà nígbà yẹn ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ní, nítorí kí n tó fa nǹkan, mo ti wo ẹyẹ náà títí mo fi mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ọmọ ọmọ mi ní kámẹ́rà tó ń ya fọ́tò 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó padà wálé pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ó ń pa wọ́n rẹ́. Mo bi í pé èwo ló fẹ́ràn. Ó ní òun kò tíì wò wọ́n tán.

Ní tòótọ́, òkun kò dúró dè wá. Iyanrìn etíkun wa ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ìgbì ló ń tì í. Bí wọ́n ṣe to òkúta sọ́nà, iyanrìn kó jọ sẹ́yìn West Mole, ni Lighthouse Beach bá ń gbòòrò. Bar Beach tó wà lódì kejì kò rí iyanrìn gbà mọ́, ni òkun bá ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún. Òkúta bàbá àgbà tó ṣílẹ̀kùn fún ọkọ̀ ló jẹ etíkun náà run. Wọ́n da iyanrìn sí i, òkun kó o. Wọ́n tún dà á, ó tún kó o. Ibi tí àwọn aláṣọ funfun ti ń jó ìjó ìrìbọmi di omi, omi náà dé ọ̀nà mọ́tò. Níkẹyìn ni wọ́n gbé Eko Atlantic dé, wọ́n fa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun kún gbogbo ibẹ̀, wọ́n sì fi kọnkéré ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, tọ́ọ̀nù 5 ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ṣe ògiri síwájú rẹ̀. Ní 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan àti Bill Clinton wá ṣe ayẹyẹ ilẹ̀ tuntun náà.

Ẹyẹ ń bà lórí kọnkéré náà. Mo ti rí i, mo tilẹ̀ ti yà á. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹyọ kọnkéré kan kò yàtọ̀ sí èkejì, a kò lè sọ pé èyí ni òkúta tí reef heron ń jà lé lórí, èyí ni ibi tí Bàbá Ìlàjẹ máa ń gbé agbọ̀n rẹ̀ sí. Ọmọ ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ arúgbó ni mò ń sọ, pé tó bá pẹ́ títí, kọnkéré náà á dúdú, akàn á wọ̀ ọ́, onífọ́tò kan á sì wà tó máa fẹ́ràn rẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Bàbá àgbà náà kò rò pé ẹnì kan máa fẹ́ràn tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ti ìgbà tiwa, West Mole ló kù fún un. Kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay, kí ó sì fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀. Oṣù kẹta ló dára jù, nígbà tí orí tern bá ti dúdú. Kí ó kọ́kọ́ wo wákàtí omi, kí ó débẹ̀ nígbà tí òkúta ìsàlẹ̀ ṣì ń hàn, kí ó wá òkúta gíga, kí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ inú, kí ó wọ aṣọ tó jọ òkúta, kí ó mú omi mímu dání, kí ó má sì dìde títí wọ́n á fi sùn. Bí ẹ̀ṣọ́ bá sì dá a dúró, kí ó ya ẹ̀ṣọ́ náà ní fọ́tò, kí ó má ṣe gbàgbé láti mú tirẹ̀ wá fún un.